Omi Àná Nínú Abẹ́rẹ́

"Ẹ má gbé itọ́ mì o, Bàbá Ìlérí. Ẹ jẹ́ kó máa ṣàn jáde."

Àtàndá kò lè dáhùn. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló fi lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ike róbótó kan sì wà láàárín eyín rẹ̀ kí ó má bàa gé okùn dúdú tó ń wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ. Oògùn oorun díẹ̀ tí wọ́n fún un ti mú kí ojú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kan ṣì di etí bẹ́ẹ̀dì mú gírígírí. Màríyámọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń ran dókítà lọ́wọ́, ló sọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọkùnrin náà le, gírísì sì ti wọ inú ìlà àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ débi tí ọṣẹ kò lè yọ ọ́ mọ́, nítorí páǹpù omi ló ń tún ṣe ní Kétu láti bí ogún ọdún.

Dókítà Adédiwúrà ń ti okùn náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò wo aláìsàn, ojú ẹ̀rọ ló ń wò. Lórí okùn náà, ohun kékeré kan wà tí kò tóbi ju orí ìka ọmọdé lọ. Ó ń rán ohùn tí etí kò lè gbọ́ jáde, ó sì ń fi èyí tó bá ta padà ya àwòrán, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ti aboyún ń wòran láti ìta. Èyí wọ inú ilé lọ wò ó.

"Òun nìyẹn," ni dókítà wí.

Kókó mẹ́ta fara hàn lójú ẹ̀rọ, wọ́n dúdú, wọ́n sì wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Abẹ́ oríta tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì ni wọ́n sá pamọ́ sí, láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀bẹ débẹ̀ yóò la igbá àyà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oúnjẹ gba ẹ̀yìn wọn kọjá gan-an, bí yàrá méjì tó ń pín ògiri kan lò. Abẹ́rẹ́ tó bá ti inú ọ̀nà oúnjẹ yọ, tó lu ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, inú kókó ló bọ́ sí. Màríyámọ̀ ti rí i lé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, síbẹ̀ kò tíì sú u láti wò.

"Abẹ́rẹ́."

Ó gbé e lé dókítà lọ́wọ́. Dókítà wo ọ̀rá tí abẹ́rẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Kò sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára ọ̀rá náà, iná ni wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀.

"Tuntun ni?"

"Ó mọ́, sà."

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó máa sọ nìyẹn. Ìbéèrè ọ̀tọ̀, ìdáhùn ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì sì mọ̀. Dókítà ya ọ̀rá náà.

Ìlà funfun tín-ín-rín kan yọ lójú ẹ̀rọ, ó lu ògiri, ó wọ inú kókó tó tóbi jù lọ. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀, nígbà mẹ́wàá. Bí dókítà ti ń gún un ni Màríyámọ̀ ń rọra fa wáyà tó wà nínú abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, kí ẹran kókó lè rí àyè wọlé. Nígbà tí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ síta, ó ti wáyà náà padà, ẹ̀kán pupa kan sì já bọ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ó ti parí, Bàbá Ìlérí. Ẹ gbìyànjú gan-an."

Nígbà tí Màríyámọ̀ kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn aládàáni yìí ní Ìkòsí, ilẹ̀ ló ń gbá. Ẹni tó ń fọ irinṣẹ́ nígbà náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí òkè òkun láìkọ́ ẹnikẹ́ni, ìwé ìlò tó bá ẹ̀rọ náà wá nìkan ló fi sílẹ̀ lórí pẹpẹ. Màríyámọ̀ ń wo àwòrán inú rẹ̀ nígbàkigbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ó mọ ihò tí omi ń gbà, ó mọ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó mọ búrọ́ọ̀ṣì tó yẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú okùn, tí wọ́n á wá rì í sómi láti wò ó bóyá ó ń hó níbì kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń wá ojú ibi tó jò. Láàárín oṣù mẹ́ta, òun ni wọ́n ń wá.

Abẹ́rẹ́ nìkan ni ìwé náà kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń fọ̀. Àwòrán kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: nọ́ńbà eéjì, wọ́n sì fa ìlà kọjá lórí rẹ̀. Kí a lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí a sọ ọ́ nù.

Ọ̀gá Godwin, alábòójútó ilé ìwòsàn náà, ló gbé ọ̀kan wá bá a lọ́jọ́ kan. "Màríyámọ̀, ọwọ́ tó lè fọ okùn gígùn báyìí, ṣé abẹ́rẹ́ ló máa wá ṣòro fún un? Abeg, bá mi wò ó."

Ó bá a wò ó. Ó fa wáyà inú rẹ̀ dé ìdajì, ó fi síríǹjì ta omi gba inú rẹ̀, ó ta omi ọṣẹ, ó tún ta omi, ó ta sípíríìtì, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí ó fi gbẹ, ó wá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì pa kòkòrò. Nígbà tó jáde, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ pé wọ́n ti lò ó rí. Ọ̀gá Godwin pàtẹ́wọ́ fún un lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nílé.

Láti ìgbà yẹn, abẹ́rẹ́ tuntun di ti àwọn tó ń san owó pé. Àwọn tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí bá wá bẹ̀bẹ̀ fún pé kí wọ́n gé owó fún, Ọ̀gá Godwin á fi bíró aláwọ̀ ewé ṣe àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ẹni tó bá ti ní àmì ewé, abẹ́rẹ́ fífọ̀ ni tirẹ̀. Nínú rísíìtì, "abẹ́rẹ́ tuntun" ni wọ́n kọ fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì Àtàndá jáde. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Àrìnkẹ́, jókòó níwájú dókítà. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Kétu ló rán wọn wá. Oṣù mẹ́ta ni ibà ìrọ̀lẹ́ fi ń mú un, òógùn ń rẹ aṣọ ìbùsùn rẹ̀, sòkòtò sì ti ń yọ nídìí rẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ fura sí ikọ́ ife, ṣùgbọ́n wọn kò rí kòkòrò rẹ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ lọ gba ẹran kókó inú àyà yẹn wá fún wa, ni wọ́n wí. Bó bá jẹ́ ikọ́ ife ni, oògùn wà níbí, ọ̀fẹ́ ni, oṣù mẹ́fà péré, ó sì ń wò ó.

"Jẹjẹrẹ ni," ni dókítà wí. Màríyámọ̀ tó gbé fáìlì wọlé dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní ó jọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọmú."

Àtàndá wo àyà ara rẹ̀. "Ọmú kẹ̀? Tèmi? Dókítà, ìyá tó fún mi lọ́mú gan-an ti lé lọ́gọ́rin ọdún, kò ní jẹjẹrẹ."

"Ó máa ń ṣe ọkùnrin náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan yẹn ló wá mọ ilé mi ní Alápẹ̀rẹ̀!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àrìnkẹ́ ti fi ìborùn bo ẹnu. "Oògùn ikọ́ ife tí wọ́n ní kí a wá gbà ńkọ́, sà?"

"Kò wúlò fún wọn mọ́, mà. Kì í ṣe ikọ́ ife."

Nígbà tí Àrìnkẹ́ lọ ṣe ẹ̀dà èsì náà, Àtàndá rìn wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fọ irinṣẹ́. Ó fara ti ògiri, èémí rẹ̀ kò délẹ̀.

"Sister, ṣé ibí lẹ ti ń fọ nǹkan tí ẹ kì bọ̀ mí lẹ́nu? Ẹ jẹ́ n wò ó. Ẹni tí ìbọn bá, ẹ jẹ́ kó rí ìbọn náà."

Màríyámọ̀ kò mọ bó ṣe máa kọ̀ fún un. Ó fi okùn hàn án, ó sì gbé abẹ́rẹ́ kan tó ń dúró de ọ̀rá fún un. Àtàndá gbé e síwájú iná, ó di ojú kan. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le.

"Èyí gùn o! Ihò rẹ̀ kò ju ti okùn irun lọ. Báwo lẹ ṣe ń fọ inú rẹ̀?"

"A máa ń ta omi gba inú rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta." Kò rántí pé kò yẹ kí òun dáhùn. Ẹni tó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí oníṣẹ́ kò wọ́pọ̀.

"Wáyà yìí ńkọ́? Ẹ máa ń yọ ọ́ tán?"

"Rárá, ìdajì ni. Tí a bá yọ ọ́ tán, ó máa ń ká kò, kì í ṣeé dá padà."

"Háà." Àtàndá mi orí. "Ẹ̀gbẹ́ wáyà yẹn, omi yín ò débẹ̀ o. Èmi, tí mo bá tún páǹpù ṣe tán, mo máa ń sọ fún oníbàárà pé kó da omi àkọ́kọ́ nù. Omi àná ni páìpù máa ń kọ́kọ́ tú." Ó dá abẹ́rẹ́ padà fún un. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Sister."

Ó lọ. Màríyámọ̀ gbé abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀.

Ó ṣí ìwé tó fi ń kọ irinṣẹ́ tó bá fọ̀ sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún Àtàndá, ara ta ló ti jáde? Ó fi ìka tọ ìlà náà. Alhaja Motúnráyọ̀, láti Mende, ọjọ́ tó ṣáájú. Ó rántí Alhaja náà dáadáa, nítorí òun ló bá a tú aṣọ. Òwú ló kì sí ẹ̀gbẹ́ òsì kọ́mú rẹ̀. Wọ́n ti gé ọmú yẹn kúrò.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú abẹ́rẹ́ mìíràn tó ti fọ̀, tó ti wà nínú ọ̀rá tán, ó ya á, ó gbé ẹnu rẹ̀ lé tíṣù funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti wáyà. Kò sí nǹkan kan. Ó tún tì í. Ẹ̀kán omi kan, ó mọ́ gaara. Ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀. Ó tì í dé òpin. Fọ́nrán kan tó pọ́n bí irin tó ti dógùn-ún yọ jáde, kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, ó sì ká jọ sórí tíṣù náà.

Ó gbé tíṣù náà lọ bá Dókítà Adédiwúrà. Kò béèrè ohun tó jẹ́.

"Ta lo tún fi hàn?"

"Ẹ̀yin nìkan, sà. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n padà, wọn ò tíì lè rìn jìnnà. Ẹ jẹ́ ká fi tuntun gún wọn. Kò ju ìdajì wákàtí lọ, sà."

"Ọwọ́ Godwin ni kọ́kọ́rọ́ àpótí abẹ́rẹ́ tuntun wà."

Ọ̀gá Godwin kò ní kí wọ́n jókòó. Ó ká tíṣù náà pọ̀, ó sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Tí a bá pe ọ̀kan, a ti pe gbogbo wọn nìyẹn. Àmì ewé mélòó ló wà nínú ìwé?"

"Mọ́kànlélógójì, sà."

"Mọ́kànlélógójì! Èwo nínú wọn la máa kọ́kọ́ sọ fún pé, jọ̀ọ́, má bínú?"

Dókítà ń wo fèrèsé. "Godwin, ọkùnrin yẹn lè ní ikọ́ ife. Oògùn wà fún un."

"Ó lè ní. Ó lè má ní. Dókítà, ta ló buwọ́ lùwé pé abẹ́rẹ́ tuntun lòun fi gún un?"

Ọ̀gá Godwin ṣí ìwé ìfọ-irinṣẹ́, ó sì yí i sọ́dọ̀ Màríyámọ̀.

"Ta ló fọ̀ ọ́? Ka orúkọ yẹn sí mi létí."

Orúkọ rẹ̀ ni. Ó wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ gaara, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ẹni tó ń gbálẹ̀ kò mọ̀wé kọ.

"Tí ọlọ́pàá bá dé ibí, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Ọmọ mélòó lo ní?"

"Méjì, sà."

"Ẹn-ẹ́n. Lọ fọ nǹkan rẹ. Láti oṣù tó ń bọ̀, ìwọ ni olórí ẹ̀ka ìfọ-irinṣẹ́."

Lórí àtẹ̀gùn, dókítà rọra sọ fún un pé, "Fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Èmi fúnra mi á kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn Kétu."

Ó fún un ní ọjọ́ díẹ̀. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, á béèrè pẹ̀lú ojú, dókítà náà á sì fi orí dá a lóhùn pé ó kù díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Wọ́n gbé aṣọ iṣẹ́ tuntun fún Màríyámọ̀, tí wọ́n kọ "Olórí Ẹ̀ka" sí láyà, ó sì wọ̀ ọ́. Ó ń ti wáyà dé òpin báyìí kó tó fọ abẹ́rẹ́, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìyẹn náà jẹ́ nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé.

Láàárọ̀ Sátidé kan, Màríyámọ̀ da nọ́ńbà ilé Àtàndá tó wà nínú fáìlì kọ, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Alápẹ̀rẹ̀.

Àrìnkẹ́ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. "Aunty ilé ìwòsàn! Ẹ káàbọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí Ṣakí o. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wá. Wọ́n ní jẹjẹrẹ kò ṣeé fi ọwọ́ òfo bá jà, kó wá sinmi nílé bàbá rẹ̀."

"Ìyá Ìlérí, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Mo rò pé kì í ṣe jẹjẹrẹ." Ó sọ ọ́ lórí ìdúró, ó sọ ọ́ tán: abẹ́rẹ́, Alhaja, wáyà, ohun tó jáde sórí tíṣù. Kò yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ó rò pé obìnrin náà máa pariwo, kí àwọn ará ilé jáde. Kò pariwo.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Àrìnkẹ́ tẹ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wọ inú omi, ó sì mú un síbẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ìsọ̀."

Wọ́n pe Ṣakí. Ó pẹ́ kí Àtàndá tó dé ìdí fóònù. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Màríyámọ̀ tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un.

"Omi àná," ni ọkùnrin náà wí. Ikọ́ gbà á, ó wú u títí ẹnìkan fi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò bú u, kò béèrè nǹkan kan mọ́. "Ẹ sọ fún Ìyá Ìlérí pé mò ń bọ̀. Ẹ jẹ́ n kàn dìde ná."

Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ márùn-ún kí wọ́n tó rí mọ́tò tó lè gbé e ní ìdùbúlẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Kétu, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, èsì sì jáde kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Kòkòrò ikọ́ ife tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀ ti kún inú rẹ̀. Ó ti kúrò nínú kókó, ó ti wọ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Wọ́n kó oògùn fún un lójú ẹsẹ̀, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀.

Ọjọ́ yẹn náà ni Màríyámọ̀ kó àwòrán ojú ewé gbogbo tó ní àmì ewé, èyí tó ti fi fóònù rẹ̀ yà, fún dókítà Kétu. Kó tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti gba aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Dókítà Kétu bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn nọ́ńbà náà. Nínú mọ́kànlélógójì, mọ́kàndínlógún ló gbé fóònù.

Àtàndá lo oògùn fún ọjọ́ mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, Àrìnkẹ́ kó ìyókù oògùn nínú ọ̀rá padà wá sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Kétu, nítorí wọ́n ní ẹlòmíràn lè lò ó. Màríyámọ̀ tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó dìde kí i, ó ní kí Ọlọ́run tu ilé nínú, ó sì ní kó rí i pé ó gbé Ìlérí wá fún àyẹ̀wò nítorí ikọ́ tó ti ń wú u. Lẹ́yìn náà, ó fa fọ́ọ̀mù kan jáde, èyí tí wọ́n ń kọ ìdí tí ìtọ́jú kò fi kẹ́sẹ járí sí.

"Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi síbí fún wa láti mú, mà. Aláìsàn sá lọ. Aláìsàn kò lo oògùn déédéé. Aláìsàn pẹ́ kó tó wá."

"Kò pẹ́," ni Màríyámọ̀ wí. "Oṣù méjì sẹ́yìn ló ti kọ́kọ́ wọ ibí. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti dá a dúró. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Aunty, mo gbọ́. Níbo ni kí n kọ ọ́ sí? Ẹ fi àyè ibẹ̀ hàn mí."

Màríyámọ̀ gba fọ́ọ̀mù náà. Ó wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dá a padà.

Nọ́ọ̀sì fa ìlà.

"Èwo lẹ fà á sí?" ni Àrìnkẹ́ béèrè.

"Pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó wá, mà." Ó yí ìwé náà sí i, ó sì na bíró sí i. "Ẹ̀yin lẹ máa buwọ́ lù ú, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó."

Àrìnkẹ́ wo ìwé náà. Àwọn tó ń dúró lẹ́yìn wọn ń wúkọ́, ẹnìkan sì ń béèrè nọ́ńbà tó kàn. Ó gba bíró, ó tẹ̀ ba tábìlì, ó sì kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ ní kíkún, kó tó kọ tirẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.